Ọjọ́ Tí A Sin Díẹ̀ Lára Ẹnu Àlàó

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo kí yín o, tọmọdé tàgbà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó dá ẹnu, tó fi eyín ṣe ọgbà yí i ká, tó sì fi ètè ṣe ìlẹ̀kùn fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ti ìlẹ̀kùn náà. Mo dúpẹ́ fún iṣu tuntun, mo dúpẹ́ fún òjò tí kò jẹ́ ká sunkún lọ́dún yìí. Bí ìtàn tí mo fẹ́ sọ bá dá yín lẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí gan-an ló ń rẹ́rìn-ín jù, òun náà ló ní kí n kọ ọ́.

Àlàó ni orúkọ rẹ̀. Àgbẹ̀ oníṣu ni ní Kambolé níhìn-ín ní ilẹ̀ Togo, ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàárín ilé tirẹ̀ àti ilé tèmi. Mùsùlùmí ni, èmi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Òun ló ń fi ìrun àárọ̀ jí mi, èmi náà a máa fi orin ìyìn san án fún un lọ́jọ́ Àìkú. Kò sí ìjà.

Ohun méjì ni Àlàó kì í fi ṣeré: ìrun márùn-ún àti aṣáà. Ó ti tó ogójì ọdún tó ti ń bu aṣáà tó fi káún lọ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Agolo kékeré kan ló ń kó o sí, agolo tí wọ́n rà bọ̀ fún un láti apá Benin, tí ojú rẹ̀ ti dán bí ẹni tó fi òrí para. Bí ààwẹ̀ bá dé, agolo náà a gbààwẹ̀ lọ́sàn-án. Bí oòrùn bá sì ti wọ̀, agolo ni Àlàó ń nawọ́ sí kó tó nawọ́ sí omi. Àbẹ̀bí ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé, "Ìyáálé mi ni agolo yẹn. Mo bá a nílé ni."

Eyín dídùn ló gbé Àlàó lọ sí ilé ìwòsàn ní ìlú Tchamba. Nọ́ọ̀sì tó tan iná sí i lẹ́nu níbẹ̀ kò tilẹ̀ wo eyín náà pẹ́. Inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ló ń wò, níbi tí nǹkan funfun kan lẹ̀ mọ́ bí èépá ẹ̀kọ tó gbẹ sára ìkòkò. Ó fi òwú nù ún. Kò nù kúrò. Ó tún un nù.

"Bàbá, ẹ lọ sí Sokodé. Dókítà ẹnu wà níbẹ̀."

"Eyín ló ń dùn mí."

"Eyín yín á dúró ná. Ẹ lọ sí Sokodé."

Sokodé kò ṣòro fún un, torí pé ibẹ̀ ni Bùkọ́lá ọmọ rẹ̀ obìnrin ń gbé, tó ń dirun ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ọjà. Bùkọ́lá ló mú bàbá àti ìyá rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Dókítà Wàsílátù, ọmọ ẹ̀yà Tem, ọmọbìnrin kúkúrú kan tó ní awò ojú. Èdè Tem ló ń bá wọn sọ, torí Àlàó gbọ́ Tem dáadáa láti ọjà. Bí ọ̀rọ̀ bá ti di Faransé, Bùkọ́lá a túmọ̀ rẹ̀.

"Bàbá, funfun yìí kì í ṣe jẹjẹrẹ," ni dókítà wí. "Àmọ́ ojú ọ̀nà jẹjẹrẹ ló jókòó sí. Lẹ́nu àwọn kan, ibẹ̀ náà ló ń jókòó sí títí wọ́n fi ń darúgbó. Lẹ́nu àwọn mìíràn, ó ń dìde. Ojú lásán kò lè mọ èyí tó jẹ́."

"Kí ló wá lè mọ̀ ọ́n?"

"Ẹ jẹ́ kí n gé díẹ̀, kò ju hóró àgbàdo kan lọ, kí n fi ránṣẹ́ sí Lomé. Ṣé ẹ rí i, inú gbogbo ẹ̀yà ara wa, títí dé èyí tí ojú kò lè rí, ni ìwé àṣẹ kan wà tí wọ́n fi bí wa. Jíìnì là ń pè é. Òun ló ń sọ fún ẹran ẹnu pé, 'Ibi tí o gbọ́dọ̀ hù dé rèé.' Ìwé yẹn náà ló ń gba ọlọ́dẹ síṣẹ́, irú purotéìnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ẹ̀yà tó bá ti bàjẹ́ má lè bímọ. Aṣáà a máa jó ìwé náà. Bí ìwé bá ti jó, ọlọ́dẹ á ya ọ̀lẹ. Kò ní ṣiṣẹ́, kò sì ní kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ńṣe ni wọ́n á máa pọ̀ síbẹ̀. Ní Lomé, wọ́n á fi aró kun ẹran náà. Ibi tí àwọn ọ̀lẹ bá pọ̀ sí á yọ bí àwọ̀ kọfí."

Àlàó ronú díẹ̀. "Ọlọ́dẹ tí kò ṣiṣẹ́, tí kò sì fẹ́ kúrò lórí àga. Dókítà, ẹ ò nílò àtigé ẹnu mi kẹ́ ẹ tó rí irú ẹ̀. Ẹ kàn bọ́ síta."

"Bàbá Bùkọ́lá!" Àbẹ̀bí já a léèékánná. "Ògiri létí."

Dókítà gé e. Ó fi sínú ìgò kékeré kan tó ní omi olóòórùn líle, ó kọ orúkọ sí i lára. Ilé ìwòsàn náà kò ní ọkọ̀ tó ń gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹbí aláìsàn ló máa ń gbé e lọ sí ibùdókọ̀, kí awakọ̀ Lomé gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn aláyẹ̀wò. Bùkọ́lá ni dókítà fún. Ṣùgbọ́n ìyàwó kan wà ní ṣọ́ọ̀bù Bùkọ́lá tí wọ́n ti di ààbọ̀ orí rẹ̀, ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an sì ni ìgbéyàwó. Ìyàwó yìí ti pè é lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹfà.

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e fún awakọ̀ tó ń jẹ́ Fàwásì. Ọkọ̀ Lomé. Ọ̀nà ilé yín kúkú ni."

"Lọ síbi iṣẹ́ rẹ," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ìgò lásán-làsàn."

Nígbà tí wọ́n dé ibùdókọ̀, Fàwásì ń so ewúrẹ́ mọ́ orí ọkọ̀. Adìyẹ kún abẹ́ àga ẹ̀yìn. Ó nawọ́ gba ìgò náà, ó ní, "Kò séwu, Ìyá. Ààrin àwọn adìyẹ ni n ó kì í sí, kò ní fọ́."

Àbẹ̀bí fa ìgò náà sẹ́yìn. Ó wo adìyẹ, ó wo ìgò, ó wo ọkọ rẹ̀ tí òwú kún lẹ́nu.

"Bàbá Bùkọ́lá, nígbà tí àdá gé ìka Yúnúsà àbúrò yín lóko, kí la ṣe sí ìka náà? A sin ín. Ìwọ́ gbogbo ọmọ tí mo bí fún yín, ibo ló wà? Inú ilẹ̀ ni. Ẹran ara Mùsùlùmí wá fẹ́ bá adìyẹ wọkọ̀ lọ sí Lomé, kí wọ́n lọ rẹ ẹ́ láró bí aṣọ?"

Àlàó kò lè sọ̀rọ̀. Ó mi orí. Àbẹ̀bí sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí òun ó sọ̀rọ̀ tó gùn tó yẹn tí ẹnikẹ́ni kò dá òun lóhùn, àti pé ó dùn mọ́ òun débi pé òun kò ronú mọ́. Wọ́n wọ ọkọ̀ Tchamba, wọ́n gun alùpùpù láti ibẹ̀, ìgò náà sì bá wọn padà sí Kambolé.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ránṣẹ́ sí Ààfáà Bìlálì. Mo ń wo gbogbo rẹ̀ láti orí ògiri.

"Ta ló kú?" ni Ààfáà bèèrè.

"Ẹnu Bàbá Bùkọ́lá ni," ni Àbẹ̀bí wí.

"Gbogbo rẹ̀?"

"Díẹ̀ nínú ẹ̀."

"Ẹni tó ni ín ńkọ́?"

"Òun rèé, ó ń mu ẹ̀kọ."

Ààfáà jókòó. Ó ní sísin ẹran ara kò burú, bó ti yẹ ni. Àmọ́ a kì í kírun òkú sí ẹni tó lè fúnra rẹ̀ ṣe àmín. Àlàó, tí òwú ti kúrò lẹ́nu rẹ̀, fárígá. Ó ní kí wọ́n tilẹ̀ ṣe àdúà ráńpẹ́, pé ẹnu náà ti sin òun dáadáa, Ààfáà sì gbà. Báyìí ni Àbẹ̀bí ṣe da omi olóòórùn náà nù, ó fi omi tó mọ́ wẹ hóró ẹran náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó dì í sínú aṣọ funfun tí kò ju àtàǹpàkò lọ, wọ́n sì gbẹ́ ilẹ̀ sí ìdí máńgòrò lẹ́yìn abà. Ẹni tó ni òkú ló fúnra rẹ̀ gbẹ́ sàréè. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo sì fi ìwé orin bo ojú kí wọ́n má baà rí i pé mo ń rẹ́rìn-ín.

Ṣé ẹ mọ ìlú kékeré. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, àwọn obìnrin ti gbé wàsáwàsà oníyẹ̀fun iṣu wá, wọ́n ń kí wọn kú ọ̀fọ̀. Àlàó ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún jẹ oúnjẹ òkú ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Ọ̀rọ̀ náà dé ìlú Bago, ó ti gorí ara rẹ̀ lọ́nà. Àbúdù, ọ̀rẹ́ Àlàó níbẹ̀, sáré dé lórí alùpùpù pẹ̀lú ẹní lábíyá, ó ń sunkún láti ẹnu ọ̀nà: "Yéè! Wọ́n ní ẹ ti sin Àlàó! Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ sí mi!"

Àlàó jáde sí i. "Díẹ̀ nínú mi ni. Jókòó. Oúnjẹ wà."

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín báyìí. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Agolo padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Àbẹ̀bí bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé ọkọ òun kì í fẹ́ ata mọ́. Ó rí pákò rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ó wo ẹnu rẹ̀ nígbà tó ń yán. Nínú funfun náà, ojú pupa kan ti là. Kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nígbà náà. Ó lọ dúró sí ìdí máńgòrò, ó dúró pẹ́.

Ní Sokodé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti pé, Bùkọ́lá kò rí èsì. Ó pe àwọn aláyẹ̀wò ní Lomé, wọ́n ní àwọn kò rí ìgò kankan. Ó pe Fàwásì. Fàwásì ní, "Ìgò wo? Ìyá rẹ wo inú ọkọ̀ mi bí ẹni ń wo ihò ejò, wọ́n sì yí padà." Ó pe Kambolé.

"Má dààmú," ni ìyá rẹ̀ wí. "A ti sin ín. Ó rẹwà gan-an. Ààfáà wà níbẹ̀."

Bùkọ́lá gé fóònù. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá dókítà. Dókítà Wàsílátù rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọ̀ ọ́ padà, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ẹlẹ́rìí ni wọ́n sin yẹn. Ẹjọ́ kò tíì dé kóòtù, wọ́n ti sin ẹlẹ́rìí. Ó ti bàjẹ́ nínú ilẹ̀, kò wúlò fún wa mọ́. Ṣé nǹkan kan ti yí padà lẹ́nu bàbá?"

"Mo tún pe ìyá mi lẹ́yìn náà, wọ́n jẹ́wọ́ fún mi pé pupa ti wà nínú rẹ̀."

"Mú un wá. A ó gé òmíràn. Má jẹ́ kó pẹ́, Bùkọ́lá. Pupa yẹn kò wù mí."

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Bùkọ́lá dé Kambolé, lẹ́yìn ìrun. Ó bá bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ àti Ààfáà lábẹ́ ìbòòji. Wọ́n pè mí mọ́ ọn, wọ́n ní kí n wá bá wọn bẹ Àlàó. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó kọ̀.

"Wọ́n gé mi lẹ́ẹ̀kan nígbà tí mo wà lọ́mọ jòjòló, mi ò lè sá. Wọ́n tún gé mi lẹ́ẹ̀kan ní Sokodé. Ó tó. Ṣé díẹ̀díẹ̀ lẹ fẹ́ máa kó mi lọ sí Lomé ni? Lọ́jọ́ àjíǹde ńkọ́? Apá kan á jí ní Kambolé, apá kan á jí ní Lomé. Ta ni yóò san owó ọkọ̀?"

"Àlàó," ni Ààfáà wí, "Ẹni tó dá ọ láti inú ẹ̀kán omi kò ní wọ taxi kó tó kó ẹnu rẹ jọ."

"Ẹ gbọ́ tiyín, mo gbọ́ tèmi. A ti sin ẹnu yìí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tán."

Ó yọ agolo, ó fọwọ́ lù ú lórí pẹ́pẹ́, ó ṣí i. Bùkọ́lá wo agolo náà. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Ó fa ìbòrí rẹ̀ bo orí dáadáa, ó kúnlẹ̀ níwájú Ààfáà.

"Ààfáà, ẹ̀sìn ni mo fẹ́ bèèrè. Òkú tí a ti wẹ̀, tí a ti sin, tí a ti gba ìkíni lé lórí, tí a ti jẹ oúnjẹ rẹ̀, ṣé a kì í pín ogún rẹ̀?"

Ààfáà fura. "À ń pín in."

"Ọmọbìnrin ńkọ́, ṣé kò ní ìpín?"

"Ó ní."

"Mo wá gba ogún mi. Ẹnu bàbá mi ni olóògbé. Ẹ bá mi wò ó, kí ni ẹnu fi sílẹ̀ láyé?"

Gbogbo wa yíjú sí agolo. Àlàó fi ọwọ́ méjèèjì bò ó.

"Kí ni ìwọ ọmọ yìí ń sọ?"

"Agolo ni mò ń bèèrè, Bàbá."

"Mi ò tíì kú!"

"Mi ò sọ pé ẹ kú. Ẹnu yín ló kú. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbẹ́ sàréè."

"Ẹnu mi kò kú! Òun kọ́ ni mo fi ń bá ọ jà yìí?"

"Háà, ó wà láàyè!" Bùkọ́lá dìde. "Ẹ gbọ́ o, Ààfáà. Ẹni tó wà láàyè, tí nǹkan ń ṣe, ọ̀dọ̀ dókítà là ń gbé e lọ. Ẹni tó ti kú, ogún là ń pín. Bàbá mi, ẹ mú ọ̀kan. Ẹ dìde ká lọ sí Sokodé, tàbí kẹ́ ẹ gbé agolo wá."

Ààfáà ń fi irùngbọ̀n bo ẹ̀rín. "Àlàó, mo wá ibi tí mo lè gbà yọ ọ́. Mi ò rí. Ìwọ lo ní ká ṣe àdúà."

Àlàó ṣì di agolo mú. Ibẹ̀ ni Àbẹ̀bí ti sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò sì ju ti ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ lọ.

"Bàbá Bùkọ́lá, èmi ni mo ní ká sin ín. Mo rò pé bó bá ti wọlẹ̀, ó ti tán nìyẹn. Mo rí ẹ̀jẹ̀ lórí pákò yín. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i, mo sì ń fi í pamọ́ fún yín. Mi ò fẹ́ sin ìyókù."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Àlàó wo ìyàwó rẹ̀. Ó ti agolo pa, ó wò ó síwá sẹ́yìn, ó sì nà án sí Bùkọ́lá.

"Gbà. N ó sì tún lọ sí Sokodé. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo yan ọ̀kan."

Lọ́tẹ̀ yìí, kí dókítà tó mú abẹ, Àlàó bèèrè ohun tí wọ́n ń ṣe sí ẹran náà bí àyẹ̀wò bá parí. Dókítà ní wọ́n á rì í sínú ìda àbẹ́là, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sí i, wọ́n á tò ó sínú àpótí, á sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

"Kò sí èèrà?"

"Kò sí èèrà."

"Wọ́n á kọ orúkọ bàbá mi náà?" ni Àlàó tún bèèrè.

"N ó kọ ọ́ fúnra mi."

Bùkọ́lá ló gbé ìgò náà, kò sì sí ìyàwó kankan tó lè pè é lọ́jọ́ náà. Ó ní kí Fàwásì kó adìyẹ lọ sẹ́yìn. Kí ọkọ̀ tó gbéra, Àlàó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú fèrèsé, ó fi ẹnu olówùú kìlọ̀ fún ìgò náà pé, "Kó o sọ òtítọ́ fún wọn o."

Ó sọ ọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, dókítà ka ìwé náà fún wọn. Aró ti mú. Àwọn ọlọ́dẹ ọ̀lẹ pọ̀ rẹpẹtẹ níbẹ̀. Àmì kejì wà, purotéìnì mìíràn tó ń yọ níbi tí àwọn ẹ̀yà ara bá ti ń bímọ láìdúró, òun náà sì ti gòkè kọjá ibi tó yẹ.

"Jẹjẹrẹ ni?" Àbẹ̀bí ló bèèrè.

"Rárá, Ìyá. Kò tíì dà á. Àmì kì í ṣe wòlíì. Kò dá ọjọ́, kò sì búra. Ohun tó ń sọ ni pé ìlẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀, ẹnì kan sì ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. N ó gé gbogbo rẹ̀ kúrò, n ó sì máa wo ibẹ̀ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ṣùgbọ́n bí aṣáà bá padà wọlé, èmi àti ẹ̀yin ti ṣe wàhálà lásán."

Àlàó fi ahọ́n rẹ̀ tọ́ inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà wò.

"Lára iṣu, ibi tó funfun ló dára. Lẹ́nu mi, ibi tó funfun ló burú. Ọlọ́run kò fẹ́ kí àgbẹ̀ mọ gbogbo nǹkan. Ẹ gé e, ọmọ mi."

"Ṣé ẹ fẹ́ gbé èyí lọ sílé kẹ́ ẹ sin ín?" ni dókítà bi í.

"Ẹ kó gbogbo ẹ̀ lọ sí Lomé. Ẹnu mi kò tíì rí òkun rí."

Ó ti di ọdún kan báyìí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà ti jinná, ìgbà mẹ́rin ni dókítà ti wò ó, pupa kò padà, funfun kò padà. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ le. Àlàó ń jẹ èpà bí ọ̀kẹ́rẹ́, ó sì ń bá gbogbo ènìyàn jà, títí kan ewúrẹ́ mi. Ó ti ń jẹ ata padà.

Agolo wà ní Sokodé, lórí tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù Bùkọ́lá. Abẹ́rẹ́ àti òwú ìdirun ló ń kó sínú rẹ̀. Ọjọ́ tí Àlàó bá lọ rí dókítà, ó gbọ́dọ̀ yà síbẹ̀. Mo bá wọn lọ lẹ́ẹ̀kan. Ó dúró síwájú tábìlì náà, ó di ọwọ́ sẹ́yìn, kò fọwọ́ kàn án.

"Ṣé dáadáa lo wà?" ló bi í.

Àbẹ̀bí fà á lápá. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ẹ fi ìyáálé mi sílẹ̀, ó ti rí iṣẹ́ gidi ṣe."

Ìwọ tí o ka èyí tán, kí Ẹni tó fi ètè ṣe ìlẹ̀kùn bá ọ ṣọ́ ìlẹ̀kùn tìrẹ. Kí ọlọ́dẹ inú ara rẹ má sùn, kí ọ̀lẹ má jogún ipò rẹ̀. Bí nǹkan bá ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà rẹ, kí o tètè rí i, kí o sì ní ọmọ tí yóò bi ọ́ ní ìbéèrè tí o kò lè dáhùn. A kò ní sin ọ́ ní díẹ̀díẹ̀. Wàá gbó, wàá tọ́, wàá fi gbogbo ẹnu jẹ iṣu. Àmín.